Ikọ́ Urho àti Fóònù Bàbá Rẹ̀

Honkaperä,
Oṣù Kejì, yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé.

Outi ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ Jarkko ti yá, ṣé Urho ọmọ ọmọ mi jẹun láàárọ̀ yìí, ṣé ohun tó jẹ náà sì dúró sínú rẹ̀? Èmi wà níbí pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ro mí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó pa wá mọ́ di òní ní abúlé yìí, níbi tí oòrùn ti ń yọjú díẹ̀ bí ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà tó tún yára lọ, kó pa ìwọ náà mọ́ ní Helsinki, kó má jẹ̀ẹ́ kí o kú sórí iṣẹ́, kó má sì jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Sylvi aládùúgbò wa yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kọfí ọwọ́ rẹ̀ kò dànù, ìyẹn ló fi ń yangàn káàkiri. Àwọn adìyẹ ti fi ẹyin yíyé sílẹ̀. Àìsàn tí mo kó bọ̀ lọ́dọ̀ yín náà ti kárí, mi ò ṣahun rárá. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló ń bì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, pásítọ̀ nìkan ló dá orin kọ, Sylvi sì ní ó dùn láti mọ̀ pé ìlú ńlá ṣì ń rántí wa.

Outi, nígbà tí ẹ mú Urho wọ jẹ́lé-ó-sinmi yẹn nínú oṣù Kẹjọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ le koko, ó ń lé adìyẹ mi kiri. Láti ìgbà náà, mi ò tíì gbọ́ kí ilé yín sinmi. Ó kọ́kọ́ gbé ọ̀fìnkìn dé, ọ̀fìnkìn kò tíì tán tí etí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, etí fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún ìpín, ojú là, èébì dé. Mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an, o ní wọ́n ń kọ́ wọn kí wọ́n máa pín nǹkan fún ara wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti yé Urho. O ní dókítà sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ara ọmọ ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo gbọ́. Ara ọmọ ń kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló sì fẹ́ bọ́, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé títí oṣù Kẹrin ni ọ̀gá rẹ tuntun ṣì ń wò ọ́ bóyá òun máa gbà ọ́ pátápátá, àti pé gbogbo ìgbà tí o bá dìde láàárín iṣẹ́ láti lọ gbé ọmọ, ojú ògiri níbi tí aago wà ló máa ń wò.

Ohun tí o fi sínú fóònù mi kí n lè máa gbọ́ ìròyìn láti ọ̀dọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fẹ́ràn obìnrin tó ń kọ̀wé sí mi láràárọ̀ yẹn, ó níwà, kò sí èyí tó ń kí mi láràárọ̀ nínú ẹ̀yin tí mo bí. Ó máa ń sọ fún mi pé inú igbó ni wọ́n kó àwọn ọmọ lọ lónìí, pé ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n jẹ, èmi náà á sì sọ fún un bí mo ṣe sùn àti bí inú mi ṣe ń ṣe mí. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ pé iná orí wà lórí ọmọ kan, mo bi í pé ọmọ ta ni, pé kó sọ fún mi, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, àbí ọmọ onírun gígùn tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ bàtà pupa yẹn ni? Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ránṣẹ́, tí omijé ń dà pòròpòrò lójú gbogbo wọn. Àánú wọn ṣe mí. Mo kọ ọ́ sí wọn pé kí wọ́n má sunkún mọ́, iná orí kì í pa ènìyàn, kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n lò. Ńṣe ni ẹkún wọn tún pọ̀ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa sunkún, ìyá oníbàtà pupa.

Nígbà tí o wá pè mí tí ò ń sunkún tìrẹ, mi ò bèèrè ọ̀rọ̀, mo gbé báàgì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Ohun tí mo bá nílé yín rèé. Ibà ń ṣe ọ́, Urho wà ní ìbàdí rẹ, ikun imú rẹ̀ ń ṣàn sí ọ léjìká, ò ń fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, o sì ń sọ fún ọ̀gá rẹ pé kò sí wàhálà rárá. Jarkko náà ń ṣàìsàn. Imú rẹ̀ dí. Ó ti fa aṣọ fèrèsé bo ìmọ́lẹ̀, ó nà gbalaja, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pín ogún, ó sì ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọbẹ̀ ṣì kù. Mo bù ú fún un. Àna mi ni, mi ò lè jẹ́ kó kú lójú mi.

Ara Urho yá, ẹ dá a padà, kò tíì lò ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀ tí wọ́n tún pè pé ó ń wúkọ́, kí ẹ wá gbé e. Ìwọ ni wọ́n pè, láàárín ìpàdé. Jarkko wà nílé níwájú mi, ó ń mu tíì oyin. Mo rò ó títí, mo ní bóyá irú fóònù tirẹ̀ kì í gba ìpè, bóyá àti máa pe ènìyàn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó wọ balùwẹ̀, mo fi tèmi pè é wò. Ó dún. Ó dún dáadáa, orin aládùn ló ń kọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sáúnà, yàrá ooru tí a ti ń làágùn yẹn, má tíì bínú. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá rí èéfín sáúnà wa á mú aṣọ ìnura rẹ̀ á máa bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ní ìlú ńlá, aago ni wọ́n fi ń pín ooru, pé ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín ló ní wákàtí tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì? Mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, òkúta gbóná, kò sí ẹnì kankan, mo ní ẹ wo ìnáwó ìnákúnàá. Mo ti jókòó, mo ti gbé Urho sórí àga ìsàlẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi rẹ̀, nígbà tí Marketta wọlé ní ìhòòhò bí wọ́n ṣe bí i, ọ̀gá jẹ́lé-ó-sinmi fúnra rẹ̀, tó ń gbé ní òkè ilé yín. Wákàtí rẹ̀ ni. Kò lé mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lẹ ìwé mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn pé kí olúkúlùkù mọ wákàtí rẹ̀, o kà á, o sì ní màmá, ẹ ti dójú tì mí, ẹ ṣì lọ sinmi nílé ná. Mo di ẹrù mi. Ó dùn mí, Outi. Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin títí tí a fi dé Kajaani, ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sì fún mi ní súwíìtì.

O kò bèèrè ohun tí èmi àti Marketta bá ara wa sọ. Ẹni méjì tí òógùn ń dà lára wọn lórí àga kan kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Mo bi í bóyá òfin ìjọba ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ pe bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Jarkko ti sọ fún wọn pé inú ìpàdé lòun máa ń wà, ìwọ sì dúró tì í, o rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní èmi ti rí ìpàdé náà, ìrọ̀rí ló ń bá ṣe é. Marketta da omi sórí òkúta, ooru dé etí wa, ó ní òbí kúkú ni bàbá náà, kò sí ohun tó ní kí àwọn má kọ́kọ́ pè é.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, o dé láti ibi iṣẹ́, o bá Jarkko àti ọmọ nílé. O pè mí, o ní Jarkko sọ pé ọkàn òun ṣàdédé fà sí ọmọ ni, òun sì lọ mú un. Inú rẹ dùn débi pé o gbàgbé pé ò ń bá mi bínú, o tiẹ̀ ní kí n máa bọ̀ ní ìparí oṣù yìí. Mo ní mo ń bọ̀. Wàá fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ o, kí o fi í sínú àpòòwé, nítorí wọ́n ti ti bánkì wa pa, wọ́n ní inú fóònù ló kó lọ, mo sì ti gbọn tèmi títí, kò sí ohun tó jábọ́.

Ṣùgbọ́n kí o tó dé lọ́jọ́ náà, èmi ni Jarkko ti kọ́kọ́ pè láti ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ti pè é láti jẹ́lé-ó-sinmi, ó ti gbé ọmọ, ọmọ ti bì sára ìjókòó mọ́tò. Ó ní màmá, ṣé ẹ rò pé Outi lè kúrò níbi iṣẹ́, mo ní rárá. Ó ní òun ní ìpàdé, mo ní ìpàdé á dúró, ti Outi náà dúró. Nígbà tó délé, ó tún pè, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ lórí fóònù. Mo ṣèlérí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí nǹkan tí ẹ fi ń wọn ibà Urho wà nínú ilé yín. Èmi tí mo jókòó sí Honkaperä ni mo júwe rẹ̀ fún un: nínú balùwẹ̀, lórí pẹpẹ kejì, lẹ́yìn ọṣẹ ìfárùngbọ̀n rẹ̀.

Kí Ọlọ́run wo Urho sàn, kó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ rẹ múlẹ̀, kí fóònù Jarkko má sì kú láé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Raili