Orin Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tí Mo Pa Rẹ́

Kí gbogbo ẹni tó bá wà níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé yìí mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́: èmi alátùn-únṣe rédíò, tí àdúgbò sọ ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án nítorí igbe tí mo máa ń ké mọ́ àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Orí mi pé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí, èèyàn kì í sì í fi ẹsẹ̀ pín ogún. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ká ní ẹnì kan ti fipá mú mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí.

Ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e. Àwọn alámòójútó tí mo yàn ni lọ́yà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa àti àbúrò mi ọkùnrin. Kí lọ́yà máa kàwé, kí àbúrò mi máa pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn.

1. Ilé tí a ń gbé, yàrá mẹ́rin, pálọ̀, ilé ìdáná àti ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú, mo fún ìyàwó mi, aránṣọ, ìyá àwọn ọmọ mi. Òun ló yan ibi tí fèrèsé yóò wà nígbà tí a ń kọ́lé. Mo bá a jiyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òun ló sì jàre.

2. Gbogbo irinṣẹ́ mi, títí kan irin tí mo fi ń jó wáyà pọ̀, mo fún àbúrò mi. Àkàbà tó yá lọ́wọ́ mi láti ọdún kẹrin, kó máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n kó yéé sọ fáráyé pé òun ló ni ín tẹ́lẹ̀.

3. Kọ̀ǹpútà márùn-ún tó wà nínú ilé, pẹ̀lú sípíkà àti wáyà wọn, mo fún àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn. Ó gbọ́dọ̀ yé gbogbo yín bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àgbà wà ní yàrá ẹ̀yìn. Inú rẹ̀ ni gbogbo orin ilé wa ń gbé, wọ́n lé ní ẹgbàajì. Mẹ́rin yòókù wà ní pálọ̀, ilé ìdáná, yàrá ìránṣọ àti ṣọ́ọ̀bù mi. Àbígbẹ̀yìn ló so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ọdún mẹ́ta ló fi da orin inú kásẹ́ẹ̀tì àti àwo sínú rẹ̀, ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ibi yòówù kí o jókòó sí, o lè yan orin tí yóò dún ní yàrá mìíràn, o lè dín ohùn rẹ̀ kù, o sì lè rí ohun tí ẹlòmíràn ń gbọ́. Mo fi ṣeré bí ọmọdé. Mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yí orin ìyàwó mi padà ní ilé ìdáná, á ju ṣíbí sílẹ̀, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ níbàdí. A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

4. Ológbò tó ń sùn lórí kọ̀ǹpútà àgbà nítorí pé ibẹ̀ móoru, mo fún àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń ta oògùn. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ràn ológbò. Ológbò náà kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni, nítorí náà wọn yóò mọwọ́ ara wọn.

5. Èyí kì í ṣe nǹkan ìní. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ lójúkojú ni.

Ìyàwó mi ti jẹ́ akọrin kó tó di aránṣọ, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn tí mo fẹ́ ẹ. Èmi fúnra mi ni mo gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, orin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nínú gbogbo wọn, ohùn olùkọ́ orin wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ fi í ṣaya kí n tó dé. Ó ti kú, kò sì ṣe mí ní nǹkankan. Ó kàn mọ orin kọ ni.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi ṣàìsàn ọ̀fun. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá, ohùn rẹ̀ kò padà. Láti ìgbà náà, ìwé pélébé tó ń gbé sápò ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ohùn tó kù fún un láyé kò ju èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà àgbà lọ. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́, mo sì ti dà wọ́n nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbígbẹ̀yìn bẹ̀ mí pé kí n fi wọ́n pamọ́.

Láràárọ̀ ló máa ń fi orin wọ̀nyẹn ránṣọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, mo rí i lójú kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù pé orin kẹrìnlá ló ń gbọ́, èyí tí òun àti olùkọ́ náà nìkan kọ. Ó parí, ó tún fi í sí i. Ìgbà méje. Mò ń kà á. Àgbàlagbà bíi tèmi ń jowú òkú! Orí mi gbóná. Mo ní kí n yọ àwọn orin náà kúrò ní yàrá ìránṣọ fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí etí èmi náà sinmi. Mo ṣí yàrá ìránṣọ lójú kọ̀ǹpútà mi, mo sàmì sí gbogbo ibi tí orúkọ olùkọ́ wà, mo ní kó yọ wọ́n. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Èmi tí mo ti ń tún rédíò ṣe láti ogójì ọdún, n kò mọ̀ pé yàrá ìránṣọ kò ní orin kankan tirẹ̀. Orin tó wà níbẹ̀ náà ló wà ní pálọ̀, òun náà ló wà ní ilé ìdáná. Ohun tí o bá yọ níbì kan, o ti yọ ọ́ níbi gbogbo. Àbígbẹ̀yìn ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mò ń mi orí bí alángbá, n kò gbọ́ ìdajì.

Orin dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́. Ìyàwó mi wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó ń wò mí. A wá orin náà ní gbogbo kọ̀ǹpútà, èmi náà ń bá a wá a, bí olè tó ń bá olóko wá iṣu rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àbígbẹ̀yìn, torí ó ti wá tún nǹkan ṣe lára kọ̀ǹpútà àgbà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àfàìmọ̀ nìkan ni mo sọ. Ó tó.

Ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí i pé kó má wọ ilé òun mọ́. Ọmọ náà sunkún, ó ní òun kò yọ nǹkankan, kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ kọ̀ǹpútà àgbà wò, torí ó máa ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá ṣe sí i àti yàrá tí àṣẹ náà ti wá. Èmi ni mo kígbe pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó gbà pé òun ṣàṣìṣe, kọ́rọ̀ tán. Mo jókòó láàárín wọn, mò ń nu awò ojú mi.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ náà wọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tó máa ń dúró sí géètì bó bá wá kí mi. Nígbà tó bímọ, ìyá rẹ̀ kò lọ. Ojú ń tì mí. Mo ti sọ ọ́ fún ológbò lẹ́ẹ̀mẹta, n kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan.

6. Mo pàṣẹ kí wọ́n ka abala karùn-ún yìí sókè lójú gbogbo ẹbí, kí àbígbẹ̀yìn jókòó sáàárín wọn, nínú ilé. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. N kò lè pàṣẹ fún ìyá rẹ̀. Ẹ ó ti sin mí nígbà náà, ìdí nìyẹn tí mo fi láyà láti kọ ọ́. Ojo ni mí.

7. Àfikún. Mo ní kí lọ́yà kọ eléyìí sí i kí n tó fọwọ́ sí i.

Òní ni a pe ẹlẹ́rìí méjì. Onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà dé. Káfíńtà tó yẹ kó ṣe ẹnì kejì kò lè wá, ibà dá a dúbúlẹ̀. Lọ́yà bọ́ síta láti wá ẹlòmíràn, ó fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì pálọ̀. Ìyàwó mi wọ awò rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Mo lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbà á. Nígbà tó ka abala karùn-ún tán, ó padà síbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún un kà. Kò wò mí. Onígbàjámọ̀ tí kò mọ nǹkankan ń sọ̀rọ̀ òjò.

Bí lọ́yà ṣe wọlé, ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Lọ́yà ṣàlàyé pé ẹni tí a bá fún ní nǹkan nínú ìwé ìhágún kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí i, kó má bàa pàdánù rẹ̀. Ìyàwó mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Ní abala kìíní, ó fa ìlà pa ibi tí mo ti fún un ní ilé, ó kọ àbígbẹ̀yìn sí i. Mo fara mọ́ ọn. Ilé di ti àbígbẹ̀yìn, tòun ti géètì rẹ̀, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi síbi tí ìlà náà wà.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta: Má-Fọwọ́-Kàn-Án, alátùn-únṣe rédíò.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Onígbàjámọ̀ òdìkejì ọ̀nà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Aránṣọ, ìyá àwọn ọmọ. Mo ti kà á. Mi ò ní dúró dìgbà tó bá kú. Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ báyìí. Kí lọ́yà tó mọ ilé náà jọ̀ọ́ júwe ọ̀nà fún mi, mi ò dé ibẹ̀ rí.