Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Hó Lé Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àwọn ọ̀gá ibi tó ti ń ja ìjàkadì fún eré ní kó di ọ̀dájú, kí àwọn òǹwòran lè kórìíra rẹ̀. Àwọn òǹwòran ò gbà! Lánàá ó gbá rẹfirí létí—wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó la àga mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn—wọ́n ní ọ̀rẹ́ náà ló wá ìjàngbọ̀n. Bí wọn ò bá hó lé e ní Sátidé, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Àbúrò, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀. Tẹ́nì kan bá ti hó, àwọn yòókù á gbè é. Má sọ fẹ́nikẹ́ni o, títí kan Màámi."

Èmi! Bí wọ́n bá porúkọ mi ní kíláàsì, ohùn tí mo fi ń jẹ́ ẹ kì í dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ ọ́ pé mi ò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo dán an wò ní balùwẹ̀. "Ṣíọ̀! Ṣíọ̀!" Bàbá Ìhanrun, ọ̀rẹ́ mi tá a sọ bẹ́ẹ̀ torí ìhanrun rẹ̀, tá a jọ ń gbé yàrá nílé ẹ̀kọ́, kan ilẹ̀kùn: "Ṣé inú ló ń run ẹ́ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Bàbá Ìhanrun ń bá mi lọ síbi ìjàkadì lọ́la. Àwòrán ẹ̀gbọ́n mi ló wà láyà ẹ̀wù rẹ̀—kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ò lè ṣìkà láéláé. Wọ́n ń fipá mú un ni." Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ilé ìjàkadì kún fọ́fọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà lórí ìyá àgbà kan níwájú, ó fi nu bàtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gan-an rẹ́rìn-ín! Mo dìde. Ohùn ò jáde. Mo jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí—ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù gidi.

Mo tún dìde. "Ṣíọ̀! Ojú ò tì ẹ́! Dá fìlà ìyá àgbà padà!"

Bàbá Ìhanrun wò mí, ó wo ìyá àgbà, ó wá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀: "Ṣíọ̀!" Ló bá di ti gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sí wa. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ti fi ọdún méjì kún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè, ó dúpẹ́ dúpẹ́, ó ní òun sunkún díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Màámi pè. Ó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì rí oorun sùn. "Ta lọ́mọ aláìlójútì tó bẹ̀rẹ̀ ariwo yẹn? Wọn ò fojú ẹ̀ hàn." Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ká gbàdúrà fún un, kò tọ́ ká ṣẹ́ èpè.

"Olúwa, ọmọ yẹn, fún un ní ẹ̀gbọ́n rere tó máa tọ́ ọ sọ́nà."

Kí n tó mọ̀, mo ti ní àmín.