Ilẹ̀ Tí A Gbẹ́ Nítorí Ẹlẹ́rìn-ín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Ọ̀dà yàrá ìsàlẹ̀ ti gbẹ. Yàrá àlejò ni tẹ́lẹ̀; mo sọ ọ́ di yàrá ìbùsùn nítorí pé ìyàwó mi kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é nínú ìwé yìí — lójú ayé, Màmá ni. Dókítà ní ó lè máa bọ̀ nílé, bí ẹ̀rọ tí yóò máa fún un ní afẹ́fẹ́ mí bá ti wà nílẹ̀ dè é. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ìdíwọ́. Nọ́ọ̀sì tí ń ṣètò àwọn tó ń padà sílé béèrè ìwé-ẹ̀rí iná. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ kú lójijì, kò sì gbọdọ̀ gbé iná lé aláìsàn lára. Láìsí ìwé-ẹ̀rí, kò sí ìpadàbọ̀.

Mo tẹ oníṣẹ́ iná tó ṣe yàrá náà láago. Kò-sí-wàhálà ni mo sọ ọ́, nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Kò kí mi kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní àṣẹ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó rẹ́ ògiri. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí wàhálà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Aṣàyẹ̀wò iná dé láti ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin ni. Ó ṣí fìlà líle orí rẹ̀ kí ó tó kí mi — ọmọ tí a kọ́. Ìtẹ́lọ́rùn mi kò pẹ́. Ó ti ẹ̀rọ kékeré kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ilé yín ò ní ilẹ̀."

Mo sọ fún un pé ilẹ̀ náà ni a jọ dúró lé, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó rọra ṣàlàyé. Ilẹ̀ ni wọ́n ń pe wáyà tó ń sin iná tó bá ṣìnà lọ sínú erùpẹ̀, kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Kò-sí-wàhálà kò fi sí i rárá. A ó la ògiri. A ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, a ó ri irin mọ́ ọn.

"Kí Màmá tó wọlé, sà, ó yẹ ká ti gbẹ́lẹ̀ dè wọ́n."

Etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Ẹ lọ mu omi." N kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì ni mo ń bá wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Wọ́n ti la ògiri. Eruku bo bẹ́ẹ̀dì. Mo tún un tẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ kí i. Mo wọ kóòtù. Ẹlẹ́rìn-ín ní ṣé ìpàdé ìgbìmọ̀ ni mo bá wá ni. Ó béèrè ọjọ́ tí òun ń bọ̀ nílé. Mo ní láìpẹ́.

"Olófin! Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra 'láìpẹ́' lẹ́nu ọmọ aráyé!"

Olófin ni ó máa ń pè mí. Òótọ́ ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé ilé náà ti tóbi jù fún mi. Mo sọ fún un pé òjò kò tíì rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Kò-sí-wàhálà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ lónìí. Mo ti kìlọ̀ ṣáájú: nínú ọgbà yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe "gbẹ́lẹ̀". Kí wọ́n sọ pé àwọn ń gbin irin.

"Kò sí wàhálà, Bàbá."

Mo wọlé lọ bu omi wá fún wọn. Ìyá Ilé Kejì, aládùúgbò tí etí rẹ̀ gùn ju ọgbà lọ, yọjú, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Èmi fúnra mi gbọ́ èsì láti ojú fèrèsé:

"Màmá là ń gbẹ́lẹ̀ fún, mà. Kò sí wàhálà."

Igbe ta.

Kí n tó dé ìta, ó ti tẹ àbúrò ìyàwó mi láago. Àbúrò tẹ fóònù Ẹlẹ́rìn-ín, kí ẹni tó bá wà nítòsí òkú lè dá a lóhùn. Òkú ló dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà Ẹlẹ́rìn-ín pè mí. "Olófin, mo gbọ́ pé ẹ ti gbẹ́ ẹ. Ṣé ó gùn tó mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́. Ikọ́ náà kò dá. Ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Dókítà ní òun kò lè dá ọjọ́ mọ́. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aṣàyẹ̀wò fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí. Ilẹ̀ wà, ògiri ti dí, ìwé pé. Ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é ni kò sí.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá, wọ́n tàn án wò. Ó ń mí sókè, ó ń mí sódò, nínú yàrá òfìfo. Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pa á.

Kò-sí-wàhálà wá bẹ̀bẹ̀. Ó kí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ọ̀kan. Ó wá béèrè pé, "Màmá ńkọ́, sà?" Mo ti to ìbáwí sílẹ̀ dè é, gbólóhùn lórí gbólóhùn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "N kò mọ̀, ọmọ mi."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

"Ẹ kú ìrọ́jú" ni Ìyá Ilé Kejì fi kí mi. Mo tún un ṣe: ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ó tún un pè tẹ̀lé mi bí ọmọ ilé-ìwé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ohùn Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù! Tínrín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Bí ikọ́ náà kò bá padà, Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò gbé e wálé. Ó ní òun ti ṣèlérí fún dókítà pé òun kò ní rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ọ́ — n ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ — "Àárò rẹ ń sọ mí."

Ó béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti pinnu láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn bó ti tọ́, kí n sì jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn. Ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ohun tí yóò dì mú.

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé ni. Kò sí ejò kankan lẹ́nu géètì mi. Mo sáré. Níṣojú gbogbo àdúgbò, bàtà kan lẹ́sẹ̀.