Ẹni Mẹ́ta Ló Jẹ́wọ́ Ikú Sájẹ́ǹtì

Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Lotto, Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Títílọpẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ẹbí,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé mi bá ọ ní Ifọ̀? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o dá lọ sí ọjà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn déédéé, àbí ìwọ ni o ṣì ń gbé ife omi tẹ̀ lé wọn kiri ilé? Mo gbọ́ pé Ọláwùnmí ti sọ̀ láyọ̀. Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run yóò wò ó, yóò sì dá a sí. Ara èmi náà le, a dúpẹ́. O ní ohùn mi lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá dà bí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. O kò ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ ni mo fi jókòó láti kọ ọ́.

Wọ́n ti pa Sájẹ́ǹtì. O rántí rẹ̀, ajá pupa ẹlẹ́sẹ̀ funfun tí Yọ̀mí fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí òkè òkun, tó ní kó máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó ń bá aládùúgbò mi náà sọ̀rọ̀. Alàgbà Ògúnkànmí, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà, ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè tuntun lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ń fi gbàdúrà ní ìdájí, kí Ọlọ́run má baà sọ pé òun kò gbọ́. Bí Alàgbà bá ti fa ohùn gùn báyìí, Sájẹ́ǹtì á gbé orí sókè, á máa hu títí wọn yóò fi ṣe àmín. Èmi rò pé ó ń ṣe elégbè fún wọn ni. Alàgbà ní ikú ló ń pè. Ìwọ náà kúkú mọ ohun tí àwọn èèyàn wa gbà gbọ́: ajá tó bá ń hu ní ìdájí ti rí ohun tí ojú èèyàn kò rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Kúlúsúmù tó ń din àkàrà ní òdìkejì ilé wa rí Alàgbà tí wọ́n fi ọ̀rá bọ ọwọ́, tí wọ́n ju ẹja sí abẹ́ géètì mi. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é pé, "Sájẹ́ǹtì, ọmọ dáadáa, wá jẹun." Inú Kúlúsúmù dùn pé ìjà ti parí. Ó kí wọn: "Alàgbà, ẹ kú àánú o!" Wọ́n dá a lóhùn pé Ọlọ́run ló ni ọpẹ́.

Kò pẹ́ tí ẹnu Sájẹ́ǹtì fi ń hó bí ọṣẹ. Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Ibafo. Orí itan mi ló kú sí kí a tó débẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oògùn eku ni.

Ọ̀rẹ́ mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. N kò fẹ́ owó, n kò fẹ́ kí wọ́n ti àgbàlagbà mọ́lé. Mo fẹ́ kí Alàgbà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, lójú gbogbo àdúgbò, pé àwọn ni àwọn pa ajá mi. O mọ̀ pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ akọ̀wé kóòtù. Níbẹ̀, ẹni tó ṣe nǹkan ni gbogbo ayé ń wá. Mo gbàgbé pé ní àdúgbò, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ.

Mo kọ́kọ́ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ gbọ́ tẹnu mi tán, ó gbé bírò kalẹ̀, ó dìde, ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àgbàlagbà ni bàbá yẹn."

Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ wọ́n ni. Ó ní rárá o, àmọ́ òun mọ bí ọ̀rọ̀ àdúgbò ṣe ń rí.

Nígbà tí mo délé, pásítọ̀ mi ti wà nínú pálọ̀, ó wá bẹ̀ mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn obìnrin ìjọ Alàgbà dé, wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó di dandan kí n se ìrẹsì, torí àlejò ni wọ́n, ẹ̀bẹ̀ wọn sì gùn. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìkìrun, ẹni tí kò fojú kan Sájẹ́ǹtì rí, ó ní kí n ro ti ọjọ́ iwájú. Ní gbogbo àkókò yìí, Alàgbà jókòó sílé wọn jẹ́ẹ́. Èmi tí wọ́n pa ajá rẹ̀ ni mo ń fọ abọ́ àwọn ẹlẹ́bẹ̀.

Bí wọ́n bá bẹ èèyàn tí kò gbà, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ajá mọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá Yọ̀mí tí kì í gba ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Kúlúsúmù pàápàá ń bu àkàrà fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Yọ̀mí, ẹ ṣàánú bàbá yìí, ẹ jọ̀ọ́." Mo rán an létí pé òun mà ni ẹlẹ́rìí mi. Ó ní oorun ò tíì dá lójú òun dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Níkẹyìn, ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé sí àgbàlá Alhaji Adéyanjú, alága wa. Alàgbà wọ aṣọ funfun wá, wọ́n sì jókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹni tó pa ajá mi, kó sọ ọ́. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, mo ti dárí jì í lójú gbogbo yín."

Ni Alhaji bá dìde, ó fọwọ́ lu àyà.

"Ìyá Yọ̀mí, èmi ni mo pa á! Èmi Adéyanjú. Èmi ni kẹ́ ẹ bínú sí."

Kí n tó lanu, Ìyá Máyọ̀kún, akápò wa, ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Kì í ṣe Alhaji nìkan o. A jọ pa á ni. Ẹ foríjì wá."

Bàbá Afọlábí, tó dàgbà jù nínú àwọn onílé, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Bàbá ní kí àwọn ọmọdé wọ̀nyí yé dá ara wọn lẹ́bi, òun gan-an ni òun pa ajá náà, kí n sì tètè gbà kí òun lè lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Alàgbà Ògúnkànmí mi orí, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n."

Títílọpẹ́, ká ní ìwọ ni, ò bá ti gbà. Bí àgbà bá ti gbé ẹ̀bi wọ̀ bí agbádá báyìí, ó kù kí èèyàn sọ pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe kò kọ́ mi láti fi ìjẹ́wọ́ ṣeré. Mo mú bírò jáde nínú báàgì, mo ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mi pe orúkọ wọn ní kíkún.

Alhaji ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kóòtù ni, Alhaji. Mi ò mọ̀ pé alága ni mo ti ń wá kiri. Irú ẹja wo lẹ lò?"

"Ẹja kẹ̀? Ìyá Yọ̀mí, ẹ̀bẹ̀ mà là ń bẹ̀!"

"Mo gbọ́. Ibo lẹ ti ra oògùn eku náà?"

Ìyá Máyọ̀kún ti dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún, ó ní Abẹ́òkúta ni òun wà lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run jẹ́rìí òun. Bàbá Afọlábí ní ojú òun kò ríran tó ẹni tó lè rí ajá, áḿbèlétàsé kí òun pa á. Alhaji yíjú sí Alàgbà pẹ̀lú ìbínú.

"Alàgbà, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn! Ṣé èmi ni mo ju ẹja ni? Orúkọ mi ò ní wọ kóòtù torí ajá tí ẹ̀yin pa. Ẹ sọ̀rọ̀!"

Alàgbà dìde.

"Èmi ni. Mo fi oògùn eku sínú ẹja. Ẹ̀rù ló bà mí. Báyìí náà ni ajá ilé wa ṣe ń hu kí ìyàwó mi tó kú. Mo rò pé èmi ló kàn."

Wọ́n bú sẹ́kún. Àgbàlagbà ọkùnrin, lójú gbogbo àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Gbogbo ojú wá di ọ̀dọ̀ mi. Mo ti gba ohun tí mo béèrè. Ó kù kí n san tèmi. Mo wá ìdáríjì nínú ara mi, n kò rí i. Ìwúwo ajá náà ṣì wà lórí itan mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí, àwọn èèyàn sì ń retí. Mo ní, "Alàgbà, mo ti dárí jì yín." Mo sọ ọ́ ketekete, ohùn mi kò gbọ̀n, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí à ń jáde, Alhaji sún mọ́ mi lẹ́nu géètì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Yọ̀mí, ẹ ṣeun. Bí èmi náà ṣe pa ajá yẹn lẹ ṣe dárí jì wọ́n."

Mo dá bírò mi padà sínú báàgì, mo sì wá sílé.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí. Kí Ọláwùnmí náà pé mo ń bọ̀ wá rí wọn. Ó dìgbà náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtọjọ́mọ́jọ́,
Ayọ̀níkẹ́.