Java Tí Ohùn Màmá Dúró Lé

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo lérò pé ara rẹ le, pé òtútù ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dà ọ́ láàmú, àti pé iṣẹ́ tó gbé ọ lọ ń so èso. Àwa náà ń mí, ọpẹ́ ni. Màmá jẹun lónìí, wọ́n sì sùn dáadáa.

Ohùn wọn ti padà. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, kí àyà rẹ lè balẹ̀.

Ọ̀gá Wáyà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ilé wa ló fi Java tuntun, ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ń dúró lé kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, sí kọ̀ǹpútà Màmá. Oore ló rò pé òun ń ṣe. Àṣé Java àtijọ́ ni ètò tí o kọ fún Màmá dúró lé, èyí tí o gba ohùn wọn sí kí dókítà tó yọ gògóńgò wọn, tí wọ́n kàn ń tẹ àwòrán tí ohùn àwọn fúnra wọn á sì jáde. Kò ṣí mọ́. Ojú ń rí, ẹnu ò lè sọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, oúnjẹ ni mo ń gbé wá.

O ní kí n bi kọ̀ǹpútà léèrè Java wo ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ java -version bí o ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́. Ó ní mẹ́tàdínlógún. O sì ti sọ pé mẹ́jọ nìkan ni ètò rẹ mọ̀. Mo gbà pé mẹ́jọ ti lọ nìyẹn. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èmi ò tilẹ̀ sunkún. Mo lọ fọ abọ́.

Ọ̀gá Wáyà ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, Java méjì lè wà nínú ilé kan. Tẹ́ ẹ bá pe orúkọ, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ló máa dá yín lóhùn. Ìyẹn ò ní kí èkejì má sí ní yàrá." A wọ inú àwọn fódà tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, a rí Java mìíràn, a bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Ó dáhùn pé 1.8. Mo ní èyí tún kéré ju mẹ́jọ lọ. Ọ̀gá Wáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú: mẹ́jọ náà ni, bó ṣe ń pe ara rẹ̀ nìyẹn, bí àgbàlagbà tó ń fi ọjọ́ orí pamọ́. N ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ètò rẹ máa lo ìyẹn, ètò sì ṣí.

Mo rò pé inú mi máa dùn. Kò dùn, kò sì bàjẹ́. Màmá wo àwọn àwòrán náà pẹ́. Wọn ò tẹ omi, wọn ò tẹ ẹ̀yìn. Fọ́tò rẹ ni wọ́n tẹ̀. "Ọkọ mi," ni ohùn wọn wí, ohùn àtijọ́ yẹn gan-an. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo wá àwòrán tèmi, kò sí níbẹ̀. N ò bínú. Nígbà tí ẹ ń gba ohùn yẹn sílẹ̀, ìwọ lo wà nílé, èmi ni mo wà lájò. Báyìí, ìwọ lo lọ, èmi ni mo wà. O lè fi fọ́tò mi sí i, ṣùgbọ́n "Ìyá mi" tí wọ́n máa ń pè mí, kò síbi tí a ti fẹ́ rí i gbà mọ́. Bí wọ́n bá ń fẹ́ mi, ṣíbí ni wọ́n fi ń lu ife.

Pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ń retí rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ojú ò ní tì ọ́ láàárín àjèjì. Wàá dé bá Màmá láyé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Àfikún: Ife ti ń dún. Jẹ́ kí n lọ dá wọn lóhùn.