Dókítà Tí Mo Fúnra Mi Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò, ẹ kú àárò ilé. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Ara Màmá ti yá. Èmi àti ọkọ mi ti kó sí yàrá wa. Bẹ́ẹ̀dì gba gbogbo ilẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ ẹ̀rín la fi ń jí.

Ẹ ní kí n lọ bá dókítà ọ̀rẹ́ yín nípa ẹsẹ̀ òsì mi tó kúrú. Mo lọ. Mo bi í pé ẹsẹ̀ mélòó ló ti bá èèyàn fà gùn, mélòó ni kò sì rí bó ṣe fẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé aṣọ lo wá rán ni? Iṣẹ́ mi kì í bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n, aṣọ náà ni mo ń rán, mo sì máa ń yí inú aṣọ síta kí n tó yin télọ̀.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníṣẹ́ abẹ kan. Ó ní òun ti ṣe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́kànlélógójì, mẹ́ta fún òun ní wàhálà. Ó bẹ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta náà kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin náà ní, "Egungun mi ò tètè dì, àmọ́ dókítà yìí ò sá fún mi. Odindi oṣù mẹ́rìnlá ló fi ń gbé fóònù mi." Ó sì rìn lójú mi.

Òun ni mo yàn. Ẹ má sọ pé ọkọ ti fẹ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mi bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbàdí tó ń ro mí kò mọ̀ pé mo ti lọ́kọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa wọ ọsibítù. Bí ẹ bá máa bínú, ẹ tètè bínú tán kó tó dìgbà yẹn, torí àdúrà yín ni mo fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Àbúrò yín,
Ìyàwó tuntun