Bẹ́ẹ̀dì Amẹ́ríkà tó wà ní ìsọ̀ ọkọ mi

Àǹtí Laras, mo kí yín o, mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Gbogbo ìlú Jepara ló mọ ọkọ mi.

Agbẹ́gilére ni Bàbá Ratri. Amẹ́ríkà ló ń ra iṣẹ́ ẹ̀ látọjọ́ yìí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀, oníbàárà wa ní òun ò ra bẹ́ẹ̀dì ńlá tí ọkọ mi gbẹ́ kẹ́yìn mọ́. Àwọn ará Ṣáínà ló ń rajà báyìí, àpótí ìjókòó kéékèèké ni wọ́n sì ń fẹ́. Mo ní kó gé bẹ́ẹ̀dì náà fi ṣe àpótí. Ó yarí.

"Amẹ́ríkà á padà wá. Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n á máa sùn ni?"

"Àwa tá à ń sùn lórí ẹní ńkọ́?"

Níbí, a kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì oníbàárà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọkọ mi ń sùn sí, tó ń ṣọ́ ọ. Lánàá, mo mú ayùn lọ sí ìsọ̀. Mo bá a níbi tó ti ń nu ún bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ni mo bá mú ayùn mi padà sílé.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gé e ni, àbí kí n tẹ́ aṣọ lé e, kí n ní, "Bàbá Ratri, ẹ gòkè wá sùn, ó ti di tiwa"?